Tiransísítọ̀ Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Mo jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Iléṣà, àtẹ wà lórí itan mi, mo ti ṣa òkúta méje jáde, mo sì tò wọ́n sí etí àtẹ. Èmi máa ń ka òkúta inú ẹ̀wà. N kò mọ ìdí rẹ̀; ohun tó bá ti ṣeé kà, mo máa ń kà á ni.

Mátírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí kan ní Iperindo ló ń pè.

“Yèyé oníná, ẹ kú àárọ̀ o. Iná yín tún ti kú.”

Mo béèrè aago tó kú.

“Aago kẹ̀! Obìnrin wà lórí bẹ́ẹ̀dì, orí ọmọ ti yọ, ẹ ní kí n máa wo aago?” Ṣùgbọ́n òun náà ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́. “Aago mẹ́ta ààbọ̀.”

“Ìyá àti ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, a dúpẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń fi fóònù tanná sí wa. Ọwọ́ màmá náà ń gbọ̀n, ó ń tanná sí àjà, ó ń tanná sí mi lójú. Ibi tí mo fẹ́ rí nìkan ni kò tanná sí.” Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. “Yèyé, ẹnu yín lẹ fi sọ fún wa pé wákàtí mọ́kànlá. Obìnrin mẹ́ta ló kù tí oṣù wọn ti pé. Ẹ wá gbé àpótí yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún un. Bí ẹ bá dá a padà tí kò bá lè dé mọ́júmọ́, kí ẹ kúkú máa gbé e lọ pátápátá, ká padà sí lántánì wa. Lántánì kì í purọ́ fún èèyàn.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Àpótí kan ni mo ṣe fún wọn, bátìrì wà nínú rẹ̀ tí pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé máa ń fún ní iná lójú ọ̀sán, ó sì ní gílóòbù méjì tí wọ́n so sókè bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí. Aago méje alẹ́ ni wọ́n ń tàn án. Mo ṣèlérí pé yóò wà títí di aago mẹ́fà àárọ̀. N kò dédé sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ló sọ fún mi pé wákàtí méjìlá, mo sì yọ kan kúrò nínú rẹ̀ kí n má baà ṣèlérí jù.

Ó yẹ kí n sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ka ìwé mẹ́wàá nìkan. Nígbà tí mo parí ilé ìwé girama, kò sí ohun tí wọ́n lè fi rán mi síwájú, wọ́n wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òṣogbo tó ń tún rédíò ṣe. Mùsùlùmí ni, ọmọ Òṣogbo tòótọ́. Ọmọṣẹ́ mẹ́sàn-án ló ní nígbà náà, èmi nìkan ni obìnrin. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gba ìyọ̀ǹda, mo padà sí Iléṣà, mo ń tún rédíò ṣe, lẹ́yìn náà fáànù oníbátìrì, lẹ́yìn náà ìnfátà. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti ń ṣe fìtílà oníbátìrì tèmi, irú àpótí Iperindo yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná ní Òṣogbo. Òun ló fún mi ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, tó sì kọ́ mi ní ètò kan tó wà nínú rẹ̀. Èèyàn á ya bọ́ọ̀dù rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà bó ṣe máa rí, ètò náà á wá ṣe bí ẹni pé iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sì sọ iye agbára tí yóò jẹ àti iye wákàtí tí bátìrì yóò fi dúró. Kò ní í jó ohunkóhun. Kò ní í rùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, bíi pé wọ́n fún mi ní ojú kẹta ni.

Mo lọ gbé àpótí náà lọ́jọ́ Sátidé yẹn kan náà. Ìyá ọmọ tuntun ṣì wà níbẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ìyá ọkọ rẹ̀ sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ ni iná tó ń sùn?” ni màmá náà bi mí.

Mo ní èmi ni, mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ bá mi sọ fún un pé àwa tó dàgbà jù ú lọ ò sùn o.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mátírọ́ọ̀nù bá mi gbé àpótí náà dé ìdí ọ̀kadà, ó fi okùn so ó, ó sì fọwọ́ tẹ ojú okùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wù mí kó bínú sí mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo jẹ́ kí bátìrì náà kún, mo tan fìtílà láàárọ̀, mo kọ aago sílẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún un ṣe. Wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kì í ṣe bátìrì ló bàjẹ́, nítorí mo gbé òmíràn tuntun sí i, kò yàtọ̀. Kì í ṣe gílóòbù. Nígbà tí mo ṣí àpótí náà, tí mo fọwọ́ kan tiransísítọ̀ tó wà láàárín bọ́ọ̀dù, n kò lè fi ìka sí i kí n ka ẹẹ́ta.

Tiransísítọ̀ ni ohun dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń ṣí iná tó sì máa ń tì í. Èyí tó wà nínú fìtílà mi ń ṣí, ó sì ń tì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Nídìí iṣẹ́ tiwa, kí nǹkan gbóná kì í ṣe ìròyìn. A máa ń so irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn kó lè máa tutù, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo rò ó pé ooru yìí, láti inú bátìrì Iperindo ló ti ń jáde. Iná tó yẹ kó máa mọ́lẹ̀ fún wọn láti aago mẹ́ta ààbọ̀ títí di mẹ́fà, abẹ́ ìka mi ló wà níbí.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà kò rí i?

Lọ́jọ́ Tuside, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Yàrá tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé kò jìnnà sí ojú irin. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wo àwòrán tí mo yà, ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ọwọ́ lu iwájú orí rẹ̀.

“Mọ́mì Iléṣà, mo ti rí i. Ẹ wo tiransísítọ̀ tí ẹ lò. Èyí tó bá ètò náà wá ni.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Bó bá ṣí, ó ṣí pátápátá. Bó bá tì, ó tì pátápátá. Kì í gbóná, kì í jẹ nínú iná tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.”

“Bí áńgẹ́lì.”

“Bí áńgẹ́lì gan-an ni. A ò sì rí áńgẹ́lì rà ní Iléṣà.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé gbogbo tiransísítọ̀ tó wà nínú ètò náà ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní àwòṣe. Ìwé kékeré kan ni, ó kún fún nọ́ńbà, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ẹni yẹn ṣe máa ń hùwà nígbà tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí àwòṣe bá jẹ́ ti áńgẹ́lì, èsì á jẹ́ ti ọ̀run. Ohun tí a gbọ́dọ̀ wá ni àwòṣe tó jọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi ní ti gidi.

A wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí a kọ́kọ́ rí, ẹnìkan tí a kò mọ̀ ló gbé e síbẹ̀, nọ́ńbà ara tiransísítọ̀ wa ló wà lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú wa dùn. A gbé e wọlé, a ní kí ètò máa ṣiṣẹ́. Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Fìtílà ń tàn, bátìrì sì ń kún sí i.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. “Mọ́mì! Ẹ má tún un ṣe mọ́ o! Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún àwọn tó ń pín iná, kí gbogbo Ọ̀ṣun máa gbádùn!”

“Pa á rẹ́,” ni mo wí. Ṣùgbọ́n èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán la tó rí èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe tiransísítọ̀ náà kọ fúnra wọn. Ìyẹn gùn, ó le, ó sì ní ìwé aláwòrán olójú ewé mẹ́wàá tó bá a rìn. A gbé e wọlé. Wákàtí mẹ́sàn-án àti àádọ́ta ìṣẹ́jú.

“Ó ti súnmọ́ ọn!” ni ọmọ náà wí.

“Ó ku wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú.”

“Mọ́mì, bí mo bá gbé èyí fún olùkọ́ wa, á gbà á o. Á tún yìn mí.”

“Olùkọ́ yín kọ́ ló ń gbẹ̀bí ní Iperindo.”

Ó wò mí, ó mi orí, ó sì gbé omi sínú ìkòkò fún ìrẹsì. Ó mọ̀ pé n kò ní í lọ sílé lọ́jọ́ yẹn.

Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni nọ́ńbà, àwòrán sì ni àwòrán. Ní ojú ewé kẹjọ, wọ́n ya tiransísítọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n fa ìlà tín-ín-rín kan kọjá lára ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibí ni àwọn ti wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ kò tó ìwọ̀n èékánná sí ara rẹ̀. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fa bọ́ọ̀dù fìtílà sọ́dọ̀, mo mú rúlà ọmọ náà lórí tábìlì, mo fi wọn ẹsẹ̀ tiransísítọ̀ tèmi.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àti ààbọ̀.

Ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ níbi tí mo ti kọ́ ọ lè má mọ ìdí rẹ̀. Àwa kì í gé ẹsẹ̀ tiransísítọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọṣẹ́, ohun èlò ṣọ̀wọ́n. Ara bọ́ọ̀dù tó ti kú la ti ń tú èyí tí a ó lò, bí ẹni tó lò ó ṣáájú bá sì ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò ṣeé lò mọ́. Nítorí náà ọ̀gá wa kọ́ wa pé kí á máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní gígùn, àní bó bá kúrú, kí á fi wáyà kún un, kí ẹni tó máa tú u lọ́jọ́ iwájú lè rí nǹkan dì mú. Ẹni tó bá gé e, ahun ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọmọdébìnrin mi, n kò sì ronú sí i rí, bí n kò ṣe ronú sí ọwọ́ tí mo fi ń mú ṣíbí.

“Tiransísítọ̀ inú kọ̀ǹpútà kò lẹ́sẹ̀,” ni mo sọ.

Ọmọ náà yíjú padà láti ìdí ìkòkò. “Ẹ ní kí ni?”

“Ti inú kọ̀ǹpútà, wọ́n gé e dé ìdí. Tèmi lẹ́sẹ̀.”

“Mọ́mì, ẹsẹ̀ lásán! Ṣé ẹsẹ̀ lásán ló máa jẹ iná wákàtí kan?”

“Fi ẹsẹ̀ sí i ká wò ó.”

Kò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹsẹ̀ nínú ètò náà. Nígbà tó ronú díẹ̀, ó ya wáyà kékeré mẹ́ta bíi wáyà tí a ká, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà, mo sì ń pe gígùn wọn fún un. Bó ṣe ń yà á ni òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lóye rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn máa ń fa iná sẹ́yìn. Ó ń jẹ́ kí ṣíṣí àti títì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń rọra ti ilẹ̀kùn nígbà tí òjò ń rọ̀. Ohun tó bá wọlé láàárín ìgbà yẹn, ilé ló bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, kò tó nǹkan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lójoojúmọ́, bátìrì ló ń jẹ tán.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn máa ń ronú pẹ́. Ìrẹsì hó, ó dà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde.

Wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì.

Èmi tí n kì í pariwo, mo pariwo. Ọmọ náà fò mọ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ń gbé yàrá kejì lu ògiri.

“Ṣé ẹ wà dáadáa níbẹ̀ yẹn?”

“Ẹsẹ̀ ni!” ni ọmọ náà ké padà.

“Ẹsẹ̀ ta ni? Ṣé ó dá ni?”

“Ẹsẹ̀ tiransísítọ̀!”

“Olúwa á ṣàánú yín,” ni ohùn náà wí, ó sì yí ohùn rédíò rẹ̀ sókè.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló wà láàárín òun àti fìtílà gidi. Ẹni tó bá ti ń sọ òótọ́ nípa ohun tó bàjẹ́, èèyàn lè bi í léèrè nípa ohun tó máa dára. Láti ọjọ́ yẹn, a kò jó nǹkan kan mọ́ láti fi dán an wò, inú kọ̀ǹpútà la ti ń dán an wò. A gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, a rí i pé kò ní í tó wákàtí mẹ́wàá. Ó túmọ̀ sí pé tiransísítọ̀ náà fúnra rẹ̀ tóbi ju iṣẹ́ yìí lọ, ó ń lọ́ra. Mo da páálí ohun èlò mi sórí bẹ́ẹ̀dì, a ṣa irú mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ń wá àwòṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Márùn-ún ní tiwọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé mọ́kànlá.

Ìkẹfà kéré ju gbogbo wọn lọ. Mo tú u lára bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kan tí àgbẹ̀ aládìyẹ kan ní Ìwàrà fún mi nígbà tó bàjẹ́, mo sì ní bíi méjìlá irú rẹ̀. Kò sí àwòṣe rẹ̀ níbikíbi.

“Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀,” ni ọmọ náà wí.

“Nọ́ńbà mélòó ló wà nínú àwòṣe?”

“Ó pọ̀, Mọ́mì.”

“Mélòó?”

Ó kà wọ́n. Mẹ́rìnlá ló ṣe pàtàkì sí iṣẹ́ tiwa.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo gbé e wá sílé ní Iléṣà, mo fi mítà mi àti bátìrì wọn iye iná tó ń gbà kọjá nígbà tí mo bá fún un ní fóltì méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé méjìlá. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná, nítorí abẹ́ páànù Iperindo ni yóò gbé. Mo wọn gbogbo méjèèjìlá tí mo ní, nítorí ọ̀kan lè máa tàn mí. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ń wò mí láti ìdí máṣíìnì rẹ̀.

“Ìyá yìí, ṣé ẹ ń tún un ṣe ni àbí ẹ ń fẹ́ ẹ?”

Mo ní mo ń wádìí ìdílé rẹ̀ ná.

Àwọn tó kù tí mítà mi kò lè rí, ọmọ náà yá ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná bí ìgbì omi ní ilé ìwé wọn, a sì jọ wọ̀n wọ́n ní Òṣogbo. Òun ló tẹ gbogbo nọ́ńbà mẹ́rìnlá sínú fáìlì, èmi ló ń pè é. Nígbà tó parí, ó tẹ orúkọ mi sí òkè, níbi tí orúkọ iléeṣẹ́ máa ń wà. Mo ní kó yọ ọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà kò gbà.

Kọ̀ǹpútà ní, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kúkúrú, wákàtí mọ́kànlá àti àádọ́ta ìṣẹ́jú.

N kò tíì lè gé e. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ó ti darúgbó, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Òṣogbo lẹ́yìn ìrun Àsárì, rédíò kékeré sì wà létí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú ń tì mí bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ olè. Mo fi ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí hàn án. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà sí ojú.

“Wákàtí kan ni ẹsẹ̀ ń jẹ?”

“Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá nínú kọ̀ǹpútà, Bàbá.”

“Wàláhì.” Ó dá ìwé náà padà fún mi. “Nínú rédíò kò lè jẹ tó bẹ́ẹ̀ o.”

“Kò lè jẹ tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Iṣẹ́ rédíò yàtọ̀. Ohun tí ẹ kọ́ wa dára fún rédíò.”

“Má tù mí nínú, n kò sunkún. Ta ló kọ́ ẹ pé kó o má gé e?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa wọn nǹkan kó o tó sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

“Ó dáa. Gbàgbé èyí àkọ́kọ́.” Ó na ọwọ́. “Kọ́tà rẹ dà?”

Mo mú kọ́tà tí mo fi ń gé wáyà jáde nínú báàgì, mo gbé e fún un pẹ̀lú tiransísítọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró déédéé mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu kọ́tà kan ẹsẹ̀ náà, ó dúró. Ó ní “Bìsìmílà,” ó gé ẹẹ́kan, ẹẹ́kejì, ẹẹ́kẹta. Ó wo àwọn tó já sílẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀ láti inú ilé.

“Ìyá, ẹ wá wò mí o! Mo ti di ahun!”

“Ìgbà wo lẹ ò tíì jẹ́ ahun tẹ́lẹ̀?” ni ìyá dáhùn láti inú ilé, ọ̀gá mi sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Mo fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì, ní pẹlẹbẹ, débi pé kò sí àyè tí ìwé á gbà láàárín òun àti bọ́ọ̀dù. Ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tan fìtílà náà ní ṣọ́ọ̀bù, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n n kò kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sán, mo fi ìka mi lé tiransísítọ̀ náà, mo ka ogún, mo sì dẹ́kun kíkà nítorí pé kò sídìí. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ.

Aago mẹ́rin kọjá. Aago márùn-ún. Aránṣọ ti gbé àga rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó ní òun fẹ́ rí ibi tó máa parí sí. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, tí wákàtí mọ́kànlá pé, iná náà mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí mo tàn án. Aránṣọ pàtẹ́wọ́.

“Ó tán! Ẹ pa á, ká máa lọ sílé.”

“Kò tíì tán.”

“Kí ló tún kù? Mọ́kànlá lẹ wí!”

“Kọ̀ǹpútà ní mọ́kànlá àti àádọ́ta.”

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ iná náà. Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, gílóòbù méjèèjì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kú. Wákàtí mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló fi dín. Mo dìde, mo rìn dé títì, mo padà. Mo tún wo ìwé náà. Ọwọ́ mi ló wọn nọ́ńbà mẹ́rìnlá yẹn, wọ́n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀. Aránṣọ sọ lẹ́yìn náà pé òun rí mi tí mo ń jó. Kì í ṣe ijó. Ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ síbi tó wù ú ni.

Mo jẹ́ kí bátìrì kún lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì gbé àpótí náà dé Iperindo lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré sí ọjọ́ tí wọ́n pè mí. Mátírọ́ọ̀nù wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

“Kí lẹ ṣe sí i?”

Mo ní mo gé ẹsẹ̀ nǹkan kan.

“Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa gbọ́ o,” ló wí, ó so gílóòbù sókè.

N kò sùn dáadáa, kí n má purọ́. Nígbà tí mo wọ ilé ìjọsìn ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sọ́ńdè, fóònù mi gbọ̀n nínú báàgì, mo sì jáde sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Oòrùn ti yọ. Mo gbọ́ igbe ọmọ tuntun lẹ́yìn ohùn Mátírọ́ọ̀nù.

“Obìnrin ni,” ló kọ́kọ́ sọ, “aago mẹ́rin ààbọ̀. Mo wo aago nítorí yín.”

Mo béèrè nípa iná.

“Ìyẹn ni mo tìtorí ẹ̀ pè yín. Yèyé oníná, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé àpótí yìí fún wa, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kú. Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, gbogbo wa la dúró yí i ká. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń pa á?”